Eyín Ọmọ Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Àjẹ́

Ní Borgou wa níbí, láyé àtijọ́, bí eyín òkè ọmọ bá kọ́kọ́ hù, àwọn ìdílé kan á ní àjẹ́ ni. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n gbé àwọn mìíràn jù nù. Òfin ọmọdé ti ọdún 2015 ní Bẹ̀nẹ̀ kọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Kí lọmọ ṣe? Eyín gbogbo ọmọ kì í hù bákan náà.

Eyín tó wọ́, tàbí tòkè àti tìsàlẹ̀ tí kò bára mu, kì í ṣe èpè náà. Ní 1728, Pierre Fauchard kọ ìwé ní Paris, ó ṣàlàyé bí a ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ àti okùn fa eyín sípò. Ní 1899, Edward Angle ní Amẹ́ríkà pín eyín tí kò bára mu sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá rí i pé egungun ẹnu tó ṣì ń dàgbà ṣeé tọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bí ọmọ bá tó ọdún 7, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wò ó. Bí eyín ìsàlẹ̀ bá bọ́ síwájú tòkè, bó bá ń fẹnu mí lóru, tàbí tí kò jáwọ́ nínú ìka mímu, ẹ má dúró. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń fi wáyà sí lẹ́nu. Ti àwọn kan, wọn á kàn máa ṣọ́ ọ ni.

Ẹ má fún ọmọ lórúkọ burúkú. Ẹ mú un lọ ọ́dọ̀ dókítà.