Ta Ló Rẹ Màmá Wa Sínú Aró?

Òru ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n pè wá láti Ìlá Ọ̀ràngún. Bùrọ̀dá kan ni, àbíkẹ́yìn olóògbé. Wọn ò tiẹ̀ kí wa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló rẹ màmá wa sínú aró?"

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ póògíràmù náà. Ọmọ Ìgbómìnà ni gbogbo wa, méjì láti Ìlá, ẹnì kan láti Òkè-Ìlá, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló gbé wa lọ sí Èkó. A ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun lè mọ ojú ìyá bàbá rẹ̀. Ẹbí màmá fi fọ́tò kan ránṣẹ́, èyí tí atẹ̀wé kan ti tún ṣe fún ìwé ètò ìsìnkú. Lórí fóònù tiwọn, ó dáa. Lójú ewé tiwa, léèsì funfun tí màmá wọ̀ ti dúdú bí èédú, gèlè dúdú orí wọn ti funfun, ojú wọn tó dúdú tó ń dán ti di eérú tí wọ́n po aró mọ́. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ti pín líǹkì náà káàkiri Wọ́sáàpù, ẹnì kan sì ti ń béèrè bóyá inú òkú ni kò dùn.

A rò pé àṣìṣe kékeré ni. Ó gbà wá ní òru mẹ́ta, ó sì gbé wa padà sí 1992.

Ẹ jẹ́ ká tibi àrokò bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ú, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí i: ẹẹ́fà, fà. Bí ẹni náà bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Ẹ gbé ẹyọ mẹ́fà kan náà fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ló máa rí. Kò sí ìfẹ́ nínú ẹyọ. Inú àdéhùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló wà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáìlì fọ́tò. Kò sí pupa nínú ẹ̀, kò sí dúdú, nọ́ńbà ló kún ibẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún, ẹni tó fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. A kì í sì í fọwọ́ ara wa tú u. Láíbírì la máa ń yá lò, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ tipẹ́. Tí láíbírì bá ṣi àdéhùn náà gbọ́, kò ní pariwo. Á kàn fún ẹ ní àwọ̀ míì, á sì dákẹ́.

Báwo ni àdéhùn náà ṣe wá rí bó ṣe rí? Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn ni. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù kẹwàá 1959, dúdú àti funfun nìkan la ń rí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fọwọ́ sí ìlànà tẹlifíṣàn aláwọ̀ ní 1953, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ló ti ra ti dúdú àti funfun, wọn ò sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n jù ú nù. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀. Tẹlifíṣàn àtijọ́ á mú ìmọ́lẹ̀, á fojú fo ìyókù. Georges Valensi, ará Faransé, ti ro irú ọgbọ́n yìí ní 1938. Ojú èèyàn tún máa ń mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ, nítorí náà ẹ lè jí nínú àwọ̀ kẹ́nikẹ́ni má fura, kí fáìlì sì kéré. Ohun tí JPEG jogún nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ JPEG bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ìlànà wọn jáde ní 1992. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ìlànà náà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ńbà pọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ àwọ̀ tí nọ́ńbà náà jẹ́. Ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan àti àwọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ó lè jẹ́ yíǹkì mẹ́rin àwọn atẹ̀wé. Ìwọ ni kó o mọ̀ ọ́n.

Bóyá kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu ṣá. Àwa náà ń pe ẹ̀jẹ̀ ní pupa, à ń pe epo ní pupa, à ń pe ọmọge tí ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọmọ pupa. Kò sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́, torí a mọ ohun tá à ń wò. Kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó ń wò.

Ní 1992 kan náà ni Eric Hamilton, tó ń ṣiṣẹ́ ní C-Cube Microsystems, kọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní JFIF láti dí àlàfo yẹn: bí ìpín nọ́ńbà inú fáìlì bá jẹ́ mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ kan àti àwọ̀ méjì ni. Nípa ìpín mẹ́rin, kò sọ nǹkan kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, lóṣù kẹwàá 1991, Tom Lane àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé libjpeg jáde lọ́fẹ̀ẹ́, láíbírì tí gbogbo ayé wá ń yá lò. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo PostgreSQL, Tom Lane tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà ni.) Tí fáìlì kò bá ní àmì kankan, libjpeg á wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá rí 1, 2, 3, ó ti mọ̀. Tó bá rí 82, 71, 66, lẹ́tà R, G, B nìyẹn. Tí kò bá rí èyíkéyìí, á fi orí ara ẹ̀ pinnu. Tó bá wá pinnu òdì ńkọ́? A jókòó ṣírò ẹ̀: funfun á di àwọ̀ àlùkò tó mọ́lẹ̀, dúdú á di àwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá ti rí fọ́tò tí gbogbo òjìji inú ẹ̀ dà bí ewé ẹ̀fọ́ rí, ẹ ti bá a pàdé.

Oníyíǹkì mẹ́rin ni fáìlì màmá. Adobe ní àmì tó máa ń fi sára irú fáìlì bẹ́ẹ̀, APP14, ṣùgbọ́n ìdàkejì ni Photoshop ń kọ yíǹkì náà: òdo dúró fún yíǹkì tó kún bámú, 255 dúró fún àìsí yíǹkì. Ìwé tó ń bá libjpeg wá kìlọ̀ nípa ẹ̀ kedere, ó ní láíbírì ò ní bá wa yí i padà, àwa la máa yí i. Àwa ò ka ìwé yẹn.

A yí i, ojú màmá padà. Inú wa dùn débi pé a ní kí póògíràmù máa yí gbogbo fáìlì oníyíǹkì mẹ́rin. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ ìyàwó kan láti Ọ̀rà ti di iwin. Fáìlì tirẹ̀ kò ní àmì, kò sì sí ní ìdàkejì tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn la tó kọ́ póògíràmù pé kó wá àmì kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ó wá ku fọ́tò kan, kò sì sí ojú ẹnikẹ́ni nínú tiẹ̀. Aṣọ òkè ìgbéyàwó màmá ni, tí wọ́n ká lé orí ẹní. Ẹbí fẹ́ ra fìlà àti gèlè tó bá a mu. Lójú ewé wa, búlúù dúdú ló jẹ́. Àbúrò màmá ọkùnrin ní ẹ̀tù ni, ṣebí gbogbo ayé ń rí i. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n wọn, ní àlàárì ni, ojú àwọn ló ṣe é.

Láíbírì mìíràn la fi gé àwòrán yẹn, OpenCV, tí Intel bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ó máa ń to búlúù ṣáájú pupa, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti sọ́fíwíà ìgbà náà ṣe ń tò ó. Àwa wá gbé e fún èyí tó ń ka pupa ṣáájú, láìyí i. Tó bá jẹ́ ojú èèyàn ni, ẹ ó ti rí i kíá, torí kò sẹ́ni tójú ẹ̀ jẹ́ búlúù. Aṣọ ò lójú.

A wo fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an, ó pupa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tójú wa ti rí lọ́sẹ̀ yẹn, a ò lè fi fáìlì ṣe ẹlẹ́rìí. A pe Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ká dúró. A gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí nílẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ kan pé kó bá àwọn gbé iná wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó padà sórí fóònù.

"Àlàárì ni. Kòkòrò ti jẹ etí ẹ̀ kan. Ẹ sọ fún bàbá yín kí wọ́n wá wò ó."

A yí ìlà kóòdù kan, a sì lọ sùn.