Akápásákọ̀: Orúkọ fún Kòkòrò Ẹ̀wà àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

Ẹrù tí a dì lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kòkòrò, ti pọ̀ jù. Bí eyín bá ń dun ọmọdé l'Ádó-Èkìtì, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá ń ṣàlàyé àìsàn fún aláìsàn, kòkòrò àìfojúrí ló fà á. Èyí tó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́ lóko, kòkòrò ni. Èyí tó ń dá ẹ̀wà lu nínú àpò, kòkòrò ni. Tanátaná tó ń tàn lálẹ́, kòkòrò náà ni. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò sí aburú ńbẹ̀, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ ti mọ èyí tí wọ́n ń bá wí. Àmọ́ tí olùkọ́ bá dúró síwájú pátákó láti kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tàbí tí ìyá ẹlẹ́wà bá lọ ra oògùn tí yóò fi tọ́jú ọjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kì í tó. Oògùn kòkòrò la máa ń pe òtàpíàpíà tí wọ́n ń gbé kiri ìgboro, oògùn kòkòrò náà la sì ń pe èyí tí wọ́n ń fín sí oko. Àwọn kan ti ń da èyí tí a ṣe fún aáyán àti ẹ̀fọn sínú ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí pé wọ́n ń bá oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. N kò ní í sọ pé àìlórúkọ nìkan ló fa èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá dá mọ̀ lórúkọ, ó ṣòro ká tó sọ ohun tó yẹ ká ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó sún mọ́ wa jù lọ. Ní ọjà Bísí l'Ádó, ẹ óò rí ẹ̀wà tí wọ́n sá sórí àpò nínú oòrùn kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè rìn jáde. Bí ẹ bá béèrè pé, "Màmá, kí lèyí?" ìdáhùn ò jìnnà: "Kòkòrò ẹ̀wà ni, ọmọ mi, ẹ má dá a lóhùn, oòrùn á lé e." Ẹ mú hóró kan kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹyin funfun tín-ín-tín lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ níta, ó le koko, èékánná ló lè ha á kúrò. Láti abẹ́ ẹyin yìí ni ìdin ti lu èèpo wọ inú hóró lọ, ibẹ̀ ló ti ń jẹun títí ó fi dàgbà. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde, yóò jẹ ẹ̀wà náà dé abẹ́ èèpo, yóò wá ṣẹ́ kù bí fèrèsé róbótó kan tó dúdú díẹ̀. Èyí tó bá ti jáde á ti ti fèrèsé náà ṣí. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmì dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti jáde, kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Gígùn ara wọn àti yíyé ẹyin ló kù, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi méjì yóò sì ti kú. Johan Christian Fabricius, ará Denmark, ló kọ́kọ́ fi orúkọ sáyẹ́ǹsì pè é lọ́dún 1775. Callosobruchus maculatus ló ń jẹ́ lónìí, maculatus yẹn sì dúró fún alámì lára.

Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ óò rí i pé ìbòrí líle méjì ni, wọ́n pàdé láàárín. Abẹ́ wọn ni apá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń fò wà, ó ká a síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Nígbà tí Aristotle ará Gíríìsì rí irú ara báyìí ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, akọ̀ idà ló rántí. Koleos ni akọ̀ lédè tirẹ̀, pteron ni apá. Ibẹ̀ ni Coleoptera ti ṣẹ̀. Carl Linnaeus, ará Sweden, kọ orúkọ yìí sínú ẹ̀dà kẹwàá Systema Naturae lọ́dún 1758, gbogbo ayé sì ń lò ó títí dòní. Akọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nítorí náà, orúkọ tí mo dábàá fún gbogbo ọ̀wọ́ yìí ni akápásákọ̀, ìyẹn èyí tó ń ká apá rẹ̀ sínú akọ̀.

N kò dá ọgbọ́n tuntun kankan. Bí àwọn baba wa ṣe ń sọ ohun kékeré lórúkọ nìyẹn: wọ́n á wo ohun tó ń ṣe, wọ́n á sì fi ìṣe rẹ̀ pè é. Yímíyímí ń yí imí. Tanátaná ń tan iná. Akápásákọ̀ pọ́ńbélé sì ni àwọn méjèèjì, ẹni tó bá gbé ẹ̀yìn wọn sókè yóò bá akọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan á ní ṣé ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn kò ti wà ni? Ó wà, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìró èyí tó tóbi tó ń kùn kọjá létí ẹni ló wà nínú orúkọ yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ tirẹ̀. Ti inú ẹ̀wà kì í dún sí wa létí. Àwọn mìíràn á fẹ́ ká kọ bítù, ká sì máa lọ. N kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Bọ́ọ̀sì àti táyà ń ṣiṣẹ́ wọn bó ti yẹ. Àmọ́ bítù kò ní sọ ohunkóhun fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nípa ara ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, akápásákọ̀ á ti sọ ibi tó yẹ kó wò.

Iṣẹ́ yìí ní baba ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko nílẹ̀ Ifẹ̀, sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú ìwé èdè ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ lọ́dún 1984, Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkejì lọ́dún 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ìwé yẹn dá lé. Wọ́n dùn láti kà. Ẹ wo àfòmọ́: gbogbo ẹni tó bá ní oko kòkó tàbí oko obì mọ ewé tó ń fò mọ́ igi onígi, tó ń jẹun lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gírámà mú un, wọ́n fi pe ègé tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Àwọn onímọ̀ èdè ti lọ sóko lọ mú ọ̀rọ̀ wá. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí iṣẹ́ wa wà lóko gan-an kò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ọ̀nà jìn: ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982, àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹranko àti àwọn tó ń kọ́ni ní èdè jọ wà nínú ọgbà kan náà lójú ọ̀nà Ìwòròkò.

Orúkọ ọ̀wọ́ kan nìkan kò tó ṣá o. Akápásákọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 400,000 irú. Bí a bá kó gbogbo irú ẹranko tí a ti sọ lórúkọ jọ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni tiwọn. A ní láti tò wọ́n. Níbi yìí, Yorùbá kò tòṣì rárá. Bí a bá fẹ́ mọ ọmọ Adó kan, a óò béèrè àdúgbò rẹ̀, bóyá Òkè-Èwí tàbí Odò-Adó, a óò béèrè agboolé, a óò béèrè ọmọ ta ni nínú agboolé. Ìpele kọ̀ọ̀kan wà nínú èyí tó tóbi jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àtẹ̀gùn Linnaeus àti ti àwọn tó bá a tún un ṣe rí. Ní ìsàlẹ̀, mo fara mọ́ irú, ìran àti ìdílé, nítorí ọ̀rọ̀ ìbí ni wọ́n, ìbí ni ọ̀ràn náà sì dá lé. Irú ni àwọn tó lè gùn ara wọn kí wọ́n sì bí èyí tó jọ wọ́n. Òkè wọn ni ọ̀wọ́, níbi tí akápásákọ̀ wà. Lókè ọ̀wọ́ ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́fà, lókè ẹgbẹ́ ni ẹ̀ka ẹlẹ́sẹ̀-oríkèé, tó gba alákàn, àkekèé àti ọ̀kùn mọ́ra.

Ìpele òkè pátápátá ni n kò gbà bí wọ́n ṣe ń pè é. "Ìjọba ẹranko" ni mo ń rí níbi púpọ̀. Èwí ló ń jọba l'Ádó. Ẹranko kò jọba lé nǹkan kan. Regnum, ìyẹn ìjọba lédè Látìn, tí Linnaeus kọ la ń sín jẹ láìwo ẹ̀yìn. Mo dábàá agbo: agbo ẹranko àti agbo ewéko. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá kankan ní ọjà tó máa gbà pé ẹranko ni ohun tó wà nínú ẹ̀wà rẹ̀, ẹni tó bá pe ẹranko, ìgalà tàbí òkété ló ń rò. Síbẹ̀ n kò fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí ẹranko àti ewéko ti bára wọn tọ́jọ́, oko ló wà nídìí méjèèjì. Ká fẹ ẹranko lójú sàn ju ká wá òmíràn.

Ìdílé ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò jù lọ fún ẹni tó ń ra oúnjẹ. Ẹ mú ìrẹsì Ìgbẹmọ tó ti pẹ́ nílé, tàbí àgbàdo tó ti wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan. Èyí tí ẹ óò bá níbẹ̀ ní ẹnu tó gùn síwájú bí ṣóńṣó: Sitophilus oryzae tó fẹ́ràn ìrẹsì, tàbí Sitophilus zeamais tó fẹ́ràn àgbàdo. Ìdílé ẹlẹ́nu-ṣóńṣó ni mo máa ń kọ fún wọn. Ti ẹ̀wà kò ní ẹnu yìí, kì í ṣe ìdílé wọn. Òyìnbó tó ń pe gbogbo wọn ní weevil ló da ilé pọ̀, kò sì yẹ kí olùtúmọ̀ wa tẹ̀ lé e. Ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń fà rèé. Abo ẹlẹ́nu-ṣóńṣó máa ń fi ẹnu rẹ̀ gbẹ́ ihò sára hóró, á yé ẹyin sínú ihò náà, á sì fi oje ara rẹ̀ dí i. Hóró náà á máa dán lójú ẹni tó ń rà á. Ti ẹ̀wà kò lẹ́nu tí yóò fi gbẹ́ ihò, ìta ló ń lẹ ẹyin mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ra ẹ̀wà lè fi ojú rẹ̀ rí ẹyin kó tó sanwó. Ẹni tó ń ra àgbàdo kò lè rí i. Bí a bá kọ́ ọmọ ní ìdílé méjèèjì, a ti kọ́ ọ ní ọjà rírà.

Àwọn àgbà ti sún mọ́ ibẹ̀ tipẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: òótọ́ ni, ìdin rẹ̀ kì í jẹ̀ níta. Balanogastris kolae wà nínú àwọn tí òwe yẹn ń bá wí, ẹlẹ́nu-ṣóńṣó sì ni. Ìtun tí wọ́n ń dín tà, èyí tí wọ́n ń wú nínú ọ̀pẹ tó ti wó, ọmọ ìdílé kan náà ni. Ìdin Rhynchophorus phoenicis ni, ó tóbi ju àtàǹpàkò ẹlòmíràn lọ.

Lórí ọ̀pẹ kan náà sì ni ẹlòmíràn nínú ìdílé yìí wà tí kò ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, Elaeidobius kamerunicus. Òdòdó akọ ọ̀pẹ ló ń gbé, ó ń jẹ níbẹ̀, ó ń yé síbẹ̀. Bó bá yà sọ́dọ̀ òdòdó abo, lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ á bá a lọ, ẹyìn á sì so. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pẹ lọ gbìn ní Malaysia, wọn kò kó èyí mọ́ ọn. Ọwọ́ ni òṣìṣẹ́ fi ń da lẹ́búlẹ́bú sára òdòdó. Rahman Syed, onímọ̀ ọmọ Pakistan, ló ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ ní Cameroon, lọ́dún 1981 wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Malaysia. Wọn kò nílò iṣẹ́ ọwọ́ yẹn mọ́. Ìdí nìyí tí n kì í fi fara mọ́ orúkọ bí ajẹrè-oko tàbí abanǹkanjẹ́ fún ìdílé kankan: ohun tí ọ̀kan ń bà jẹ́, ẹbí rẹ̀ ń tún un ṣe. Ìdílé tí ti ẹ̀wà wà, Chrysomelidae, ló ń yọ mí lẹ́nu nípa èyí. Ajẹwé ni púpọ̀ nínú wọn, orúkọ yẹn ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀wà kì í jẹ ewé. Nígbà kan, ó ní ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀, Bruchidae, kí àwọn onímọ̀ tó dá a padà sínú ìdílé ńlá gẹ́gẹ́ bí ojúlé kan. Ojúlé agbé-inú-hóró ni mo ń kọ fún un, mo sì fi orúkọ Látìn sílẹ̀ fún ìdílé náà títí ìgbìmọ̀ kan yóò fi jókòó lé e.

Àwọn tó kéré jù ló kù. Scydosella musawasensis, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe lọ́dún 1999 láti Nicaragua, ni Alexey Polilov ará Rọ́ṣíà wọ̀n lọ́dún 2015, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ mílímítà 0.325. Mẹ́ta tí a tò tẹ̀ léra kò pé mílímítà kan. Ptiliidae ni ìdílé wọn, inú ewé jíjẹrà, olú àti abẹ́ èèpo igi ni wọ́n ń gbé. Apá wọn kì í ṣe awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti yòókù. Ọ̀pá tín-ín-rín kan ni, irun yí i ká bí ìyẹ́ ẹyẹ. Alápá-ìyẹ́ ni mo sọ wọ́n. Ọmọ ilé-ìwé tó bá gbọ́ orúkọ yìí lè béèrè bí ohun tí apá rẹ̀ jẹ́ ìyẹ́ ṣe ń ká a sínú akọ̀. Ó ń ká a: ó máa ń ṣẹ́ ọ̀pá náà po, irun rẹ̀ á dì mọ́ra, ikùn rẹ̀ á sì máa tì í díẹ̀díẹ̀ wọ abẹ́ akọ̀.