Orin Inú Fídíò: Bí A Ṣe Ń Rí Èyí Tí Òfin Fọwọ́ Sí Láìná Owó Púpọ̀

Láti Lekki títí dé Ajah, ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ènìyàn ń fi fóònù ọwọ́ wọn ya fídíò ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìgbafẹ́ etí òkun. Orin tí wọ́n fi sí i ni ó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí fídíò náà bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2007 ni YouTube ti ní ètò Content ID, tí ó ń fi ohùn inú fídíò wé orin tí ó ní olówó. Bí méjèèjì bá bára mu, olórin lè ní kí wọ́n dí fídíò náà, tàbí kí owó ìpolówó rẹ̀ di tòun.

Ẹni tí ó ra àwo kò ra orin. Òfin Copyright Act ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ya ẹ̀tọ́ méjì sọ́tọ̀. Ti ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin kò ní parí títí ọdún 70 yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tí ó kú. Ti ẹni tí ó gba orin sílẹ̀ jẹ́ ọdún 50 lẹ́yìn ọdún tí ó gbé e jáde. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọdún 1997, nítorí náà orin rẹ̀ wà lábẹ́ òfin títí di ìparí ọdún 2067. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, kú ní ọdún 1930. Ẹnikẹ́ni lè tún àwọn orin ìsìn tí ó ṣẹ̀dá kọ lónìí láìtọrọ àṣẹ. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ akọrin òde òní bá ti gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tiwọn ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà.

Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún onígbọ̀ngàn àríyá, kí orin lè máa dún níbẹ̀, kì í ṣe àṣẹ láti fi orin náà sínú fídíò.

Ọ̀nà mẹ́rin tí kò gbówó lórí nìyí:

1. YouTube Audio Library, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn orin kan wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ó ni wọ́n.

2. Orin tí ó ní àṣẹ Creative Commons. BY túmọ̀ sí pé kí a dárúkọ olórin. NC kò gba òwò láàyè, nítorí náà kì í ṣe fún ayàfídíò tí wọ́n sanwó fún. ND kò gba àyípadà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ka títo orin mọ́ àwòrán sí àyípadà.

3. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta àṣẹ orin lóṣooṣù tàbí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí a wò ó bóyá àṣẹ náà kan fídíò oníbàárà, àti bóyá ó ṣì múlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá dáwọ́ owó dúró.

4. Onílù tàbí akọrin àdúgbò tí yóò ṣe orin tuntun. Kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí fídíò yóò ti jáde. Òfin kò ka gbígbé ẹ̀tọ́ orin fúnni sí àyàfi bí ó bá wà nínú ìwé.

Ìwé àṣẹ àti rìsíìtì kò gbọ́dọ̀ sọnù, nítorí àwọn ni ẹ̀rí tí a ó fi jiyàn bí ẹ̀sùn bá dé.