Orin Wéré àti Fọ́tò Tí A Kò Yà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa lónìí jẹ mọ́ ohun méjì tí àwọn òpìtàn kì í sábàá so pọ̀: orin àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, àti fọ́tò. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìtàn orin Yorùbá yóò ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìwé bá ń sọ̀rọ̀ nípa fújì, ara páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ àwòrán inú rẹ̀ ti ń wá. Olórin yóò wọ agbádá léèsì, yóò jókòó lórí àga ńlá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wọ ẹgbẹ́jọdá. Àwòrán ọlá ni. Ṣùgbọ́n orin tí ó bí fújì, èyíinì ni wéré, kò jókòó lórí àga rí. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn, òru ni ó sì ń rìn. Níbo wá ni àwòrán ìgbà náà wà?

Kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí wéré jẹ́. Nínú oṣù Ràmàdáánì, mùsùlùmí tí yóò gbààwẹ̀ ní láti jí jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní àwọn ìlú mìíràn tí ẹ̀sìn Ìsìláámù ti rinlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n gba iṣẹ́ jíjí àwọn ènìyàn lójú oorun yìí ṣe. Wọn a kó ara wọn jọ ní àdúgbò, wọn a sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú òru dúdú, wọn a máa lùlù, wọn a máa kọrin. Kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ra ìlù fún wọn. Ẹni tí ó bá ní sákárà tàbí agogo nílé a mú un wá. Ẹni tí kò bá ní, agolo òfìfo àti igi tó fún un. Ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì náà kò gbẹ́yìn. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ajísààrì, àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní ajíwéré.

Kò yẹ kí á rò pé iṣẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni ó gbé wọn dìde. Ìgbádùn wà níbẹ̀, ìgbádùn náà sì pọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó kọjá ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn aago 8 alẹ́ ni ó wá rí àyè rìn káàkiri ìlú ní òru, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí, nítorí iṣẹ́ láádá ni ó ní òun ń ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé ní ìkóríta, ìlù a di ìjà ìlù, orin a di èébú orin. Láti inú ìpàdékò báyìí ni ìdíje wéré ti jáde. Àwọn àgbà àdúgbò a gbé ife-ẹ̀yẹ kalẹ̀, àwọn onídàájọ́ a jókòó, ẹgbẹ́ tí ohùn rẹ̀ dùn jù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ jù, a gbà á. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọmọ tí ó bá gba irú ife bẹ́ẹ̀ a di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ìbàdàn kò gbàgbé Dáúdà Epo Àkàrà àti Gàníyù Kúti. Èkó náà ní Síkírù Ọmọ Abíbà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ààfáà kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní oṣù tí ó yẹ kí ènìyàn máa ka Àlùkùránì, ijó ni àwọn ọmọ sọ ọ́ dà. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí ìlù wéré, oorun ni yóò gbé ọ̀pọ̀ onílé lọ, wọn yóò sì pàdánù sààrì. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí títí di òní, kò sì sí ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo àgbà ni ó fọwọ́ sí i, bóyá àwọn ọ̀dọ́ kò ní fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìlú etí ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ohun kan sì wà nínú ìtàn wọn tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a lọ. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà kò padà mọ́, ẹ̀sìn wọn sì ti ta gbòǹgbò ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ọ̀dọ́ ń lùlù sààrì ní etí ọ̀sà, kì í ṣe àṣà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi dé láná. Ilẹ̀ tí ó hù lé lórí ti wà tipẹ́.

Oṣù Ràmàdáánì kì í dúró sí ojú kan. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ni ó fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, tí yóò fi yí gbogbo ọdún po láàárín nǹkan bí ọdún 33. Ní 1965, inú ọyẹ́ ni ó bọ́ sí, ní oṣù Kìíní, ọmọ onísààrì sì ń gbọ̀n bí ó ti ń lùlù. Ní 1978, ó ti dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ní 1980, àárín oṣù Keje. Ní 1982, ìparí oṣù Kẹfà. Inú òjò nìyẹn, àkókò tí ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ẹni tí ó bá mọ ìlù yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: awọ ìlù a rọ̀ nínú ọ̀rinrin, ohùn rẹ̀ a wọlẹ̀, àfi kí wọ́n yá a nínú iná kí ó tó tún lè dún. Agolo kò ní irú ìyọnu yìí. Ó jọ pé òjò gan-an wà lára ohun tí ó jẹ́ kí agolo àti agogo níyì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà.

Wàyí o, kí á wá sí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Kì í ṣe pé kò sí ayàfọ́tò nílẹ̀ Yorùbá. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọmọ adúláwọ̀ ti ń fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun ní Èkó, nígbà tí ó sì fi máa di 1960, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan tí kò ní sítúdíò. Kí ló wá dé tí wọn kò ya àwọn ajíwéré?

Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tí a yà ni ó ń sanwó fọ́tò; ayàfọ́tò kì í dédé fi fíìmù rẹ̀ ṣòfò lórí ẹni tí kò ní rà á. Iná fíláàṣì ìgbà náà, gílóòbù kan ni fún àwòrán kan, bí ó bá ti tàn, ó ti parí nìyẹn, sísọnù ló kù. Ta ni yóò jí ní òru, tí yóò máa sun gílóòbù lórí ọmọ tí ń lu agolo, nínú òjò tí ó lè ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́?

Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ ju ti owó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí àwọn ayàfọ́tò Yorùbá ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé fọ́tò àgbà nílẹ̀ Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀: ẹni náà yóò jókòó, yóò kọjú síwájú gan-an, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún tàbí itan, aṣọ rẹ̀ yóò tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara rẹ̀ yóò sì hàn. Ó rí i pé ìlànà yìí jọ ti ère gbígbẹ́. Ohun tí ayàfọ́tò ń wá ni iyì ènìyàn, bí ó ti yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa rántí rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tí ó wọ ṣòkòtò péńpé, tí ó la ẹnu gbàgà, tí òógùn bò, kò bá ìlànà náà mu rárá. Ní ojú ayàfọ́tò, ọmọ náà kò tíì di ohun àyàsílẹ̀. Kò sí ìkórìíra nínú èyí. Ojú tí àṣà fi ń wò ni. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni a fi ń wá àwòrán ìgbà náà tì lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bàmákò, olú-ìlú Málì. Malick Sidibé ní sítúdíò kékeré kan ní àdúgbò Bagadadji ní àwọn ọdún 1960. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, yóò gbé kámẹ́rà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fíláàṣì, yóò máa lọ láti òde ijó kan sí òmíràn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù jó. Kò dúró kí wọ́n jókòó. Ó ń yà wọ́n bí wọ́n ti ń jó. Yóò padà sílé, yóò fọ fíìmù ní òru náà, yóò tẹ àwọn àwòrán kéékèèké jáde, yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, yóò sì gbé e síta sítúdíò kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá yan èyí tí wọ́n fẹ́ rà. Ọ̀pọ̀ kò rà. Àwọn páálí náà ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di 2007, ní ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice, wọ́n fún un ní Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀, òun sì ni ayàfọ́tò àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀yẹ náà. Ó kú ní 2016. Owó kékeré ni ó ń wá. Ìtàn ìran kan ni ó kó jọ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, ní 1976 àti 1977, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe kó ara wọn jọ, wọ́n gbé gìtá tí wọn kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa, wọ́n sì dá orin pọ́ńkì sílẹ̀. Wọ́n dá ìwé ìròyìn tiwọn tẹ̀, wọ́n ya fọ́tò ara wọn. Ó bá wéré jọ ní ọ̀nà púpọ̀: ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́, ariwo ni àwọn àgbà ń pè é, àdúgbò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé kámẹ́rà wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Ajíwéré Ìkòròdú kò ní i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wéré ni gbogbo ayé mọ̀. Síkírù Àyìndé Barrister, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1948, bẹ̀rẹ̀ wéré ní kékeré, ó ṣiṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́yìn náà ni ó fi orin ṣe iṣẹ́. Ó mú wéré kúrò nínú òru Ràmàdáánì, ó gbé e lọ sí òde ìnáwó, ó sì sọ ọ́ ní fújì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rí orúkọ náà lára àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, ní pápákọ̀ òfuurufú. Kò burú láti rántí pé àwòrán kan ni ó fún orin náà lórúkọ. Àyìnlá Kollington, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ológun, bá a du ipò. Wàsíù Àyìndé, tí a bí ní 1957, kọ wéré, ó sì bá Barrister gbé ohun èlò kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Barrister kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2010. Àwọn wọ̀nyí ni fọ́tò bá, nítorí pé wọ́n ti di ẹni tí ó lè jókòó lórí àga.

Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ fọ́tò náà yí padà. Fíláàṣì oníbátìrì dé, fíìmù aláwọ̀ dé, àwọn ayàfọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí òde ìnáwó láìsí pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọn a ya onínáwó bí ó ti ń náwó fún olórin, wọn a sáré lọ fọ ọ́, wọn a sì gbé e padà kí òde tó tú. Ọ̀nà Malick Sidibé gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń náwó ni ojú kámẹ́rà ń wò. Bí ẹ bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: lápá kan, ní ibi tí iná kò dé tán, ẹ lè rí ọmọ tí ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí fọ́tò gé orí rẹ̀ sí méjì.

Ní Ìkòròdú lónìí, ọ̀ràn náà ti yí bírí. Àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ikorodu Bois bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya fíìmù ní àdúgbò wọn. Wọn a mú fíìmù tàbí orin olówó ńlá láti òkè òkun, wọn a fi bárò, ìkòkò àti igi ṣe àfarawé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Netflix rí iṣẹ́ wọn, ó sì fi ẹ̀rọ ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Ọgbọ́n agolo ni wọ́n ń dá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọn kò dúró de ayàfọ́tò kankan.

Ọ̀rọ̀ kan wá kù fún àwọn olùkọ́. Ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 15 nígbà tí Ràmàdáánì bọ́ sínú ọyẹ́ ní 1965 ti kọjá ọdún 70. Àwọn kan ṣì wà láàyè, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, àpótí sì wà nínú yàrá wọn. Nígbà tí ẹ bá rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn, kí ó má ṣe béèrè bóyá wọ́n ní fọ́tò wéré. Wọn yóò ní kò sí. Kí ó béèrè fọ́tò Ìtúnu Ààwẹ̀, fọ́tò ìdíje, fọ́tò ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wọn gba ife. Kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀, títí kan ẹni tí ó gbé agolo dání.