Àáró Ti Wà Kí Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Dé



Láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa máa ń ṣe àáró. Ẹni mélòó kan á kóra jọ: lónìí wọ́n á ro oko Lágbájá, lọ́la ó di oko Tàmẹ̀dò, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ lèèyàn bẹ̀, oúnjẹ ló máa sè fún àwọn tó wá. Àmọ́ gbèsè ni àáró: iṣẹ́ la fi ń san iṣẹ́.

Ní 1983, Michael Linton bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní Kánádà, ó pè é ní LETS. Ní 2003, Community Exchange System bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ ni pé kì í ṣe dandan kí ẹni tí o ṣiṣẹ́ fún san án padà fún ọ. Ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ lè san án. Àkọsílẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Ẹ wo gúrúùpù wa: télọ̀ wà, tíṣà wà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà. Owó ló wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ò wọ́n. Ẹni tó bá jẹ tán tó sá ló ń ba àáró jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ní ìwé: wákàtí kan fún wákàtí kan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ tèmi: mo mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, mo ń wá ẹni tó máa bá mi rán aṣọ. Ó kù sọ́wọ́ yín o.