Ìwé-Ẹ̀rí Yunifásítì àti Ipò Olórí: Ohun tí Ìtàn Kamẹrúùnù Fi Hàn

Ní ìlú Douala, èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àdúgbò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ndogbong. Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Yunifásítì Douala wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ìgbàlódé. Ní 1977 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1993 ni ó di yunifásítì tí ó dá dúró. Ọ̀dọ́ tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ a máa rò pé ọ̀nà àtiṣe olórí ìlú ti ṣí sílẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n àgbà oníṣòwò tí ó jókòó ní ẹ̀bá ọ̀nà lè wí pé, "Ìwé nìkan kọ́ ni ọgbọ́n." Àwọn méjèèjì ni ó ní ẹlẹ́rìí nínú ìtàn. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ ó di dandan kí ènìyàn kàwé ní yunifásítì kí ó tó lè ṣe òṣèlú?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Òfin ìpìlẹ̀ Kamẹrúùnù béèrè pé kí ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà láti ìgbà ìbí, kí ó sì ti pé ọdún 35. Kò mẹ́nu kan ìwé-ẹ̀rí kankan. Lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ohun tí òfin ìdìbò béèrè ní ti ìwé ni pé kí ó mọ èdè Faransé tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì í kà, kí ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ní Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ 1999 béèrè ẹ̀kọ́ tí ó tó ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tàbí ohun tí ó bá a dọ́gba. Kò sí èyí tí ó ní dandan ni yunifásítì nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Àwọn tí ó ṣe òfin mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìtàn yóò sì fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ìtàn òṣèlú Douala kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn púrúǹtù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1884 ni àwọn ọba Duala bá àwọn ará Jámánì ṣe àdéhùn. Ọmọ ìdílé ọba Bell kan, Rudolf Duala Manga Bell, lọ kàwé ní Jámánì gan-an, ó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó náà, ó sì mọ ìṣe wọn. Ó jọba ní 1908. Nígbà tí ìjọba Jámánì fẹ́ lé àwọn Duala kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn ní etí odò, kì í ṣe idà ni ọba yìí fà yọ. Ìwé ni ó kọ. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin, ó sì rán wọn létí àdéhùn 1884. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1914, wọ́n so ọba náà kọ́, òun pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ìwé kò gba olóyè náà lọ́wọ́ alágbára tí kò bẹ̀rù òfin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kú sínú sàréè.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1948, àwọn ọkùnrin kan pàdé ní ilé ọtí kan ní agbègbè Bassa, ní Douala, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú tí à ń pè ní UPC sílẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì àti àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìhà méjèèjì Kamẹrúùnù, èyí tí ó wà lọ́wọ́ Faransé àti èyí tí ó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tún di ọ̀kan, kí ó sì gba òmìnira. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ruben Um Nyobé di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà.

Ta ni Um Nyobé? Ọmọ Bassa ni, a bí i ní 1913 ní ìtòsí Boumnyébel. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Présíbítà ni ó lọ. Nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Foulassi, wọ́n lé e kúrò nítorí pé ó ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi ẹ̀hónú hàn. Kò jókòó kí ó káwọ́ lérí. Ó ń dá kàwé nínú ilé, ó sì ń ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀, títí ó fi di akọ̀wé ìjọba, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́. Níbẹ̀ ni ó ti mọ bí a ti ń ka òfin àti bí a ti ń fi òfin bá ìjọba jà. Kò fi ẹsẹ̀ kan yunifásítì rí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi fún èyí kò rántí bí ayé ti rí nígbà náà. Kò sí yunifásítì kan ṣoṣo ní Kamẹrúùnù ní 1948. Ọdún 1962, lẹ́yìn òmìnira, ni a dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Yaoundé. Bí òfin bá ti wí nígbà náà pé ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣòṣèlú, àwọn ará Faransé nìkan, àti àwọn ọmọ ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun, ni ì bá máa sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọmọ ni ì bá tún máa fi àìkàwé ọmọ náà ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ní oṣù Kejìlá 1952, Um Nyobé dúró níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Kamẹrúùnù jẹ́ ilẹ̀ tí Àjọ náà fi sí abẹ́ àbójútó Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn níbẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ní ọdún náà kan náà ni àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ UDEFEC sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, àwọn tí ó mọ ìwé ń bá wọn kọ ọ́, a sì ń fi ránṣẹ́ sí Àjọ Àgbáyé. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi t'ọmọ jẹ́ ẹ; iṣẹ́ tí àwọn ìyá wọ̀nyí rán kò nílò títún ṣe kí ó tó yé àwọn tí ó gbà á.

Ìjọba Faransé fòfin de UPC ní oṣù Keje 1955. Um Nyobé sá wọ igbó, àwọn ọmọ ogun sì pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1958. Félix Moumié, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ní tirẹ̀ jẹ́ dókítà oníṣègùn tí ó kàwé ní Dakar. Májèlé ni a fi pa á ní Geneva ní 1960. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ àti dókítà jùmọ̀ ṣe ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì jùmọ̀ kú nítorí ohun kan. Ní 1991 ni ìjọba Kamẹrúùnù ṣe òfin tí ó dá iyì àwọn méjèèjì padà.

Bí a bá wo àwọn tí ó gba ìjọba ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere. Nínú ìdìbò oṣù Kìn-ín-ní 1956, dókítà Faransé kan, Louis-Paul Aujoulat, tí ó ti ṣe mínísítà ní Paris, ń du ipò lọ́wọ́ André-Marie Mbida, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ti kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Mbida ni àwọn ènìyàn yàn. Ní 1957 ó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Kamẹrúùnù tí ó wà lọ́wọ́ Faransé. Ahmadou Ahidjo gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1958. Ahidjo kò lọ yunifásítì; ilé-ẹ̀kọ́ Yaoundé ni ó lọ, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ wáyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó di Ààrẹ ní 1960, ó sì jókòó lórí oyè títí di oṣù Kọkànlá 1982. Ẹni tí ó gbé e fún, Paul Biya, kàwé gidigidi ní Paris, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ òṣèlú tí ó lókìkí níbẹ̀.

Àìmọ̀wé yunifásítì kò dí Ahidjo lọ́wọ́ láti lo ìjọba fún ọdún 22. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú: lábẹ́ rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè náà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ní 1966. Ẹ̀kọ́ gíga kò sì yọ irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀ nígbà tí arọ́pò rẹ̀ dé. Ní òpin 1990 ni òfin tó gba ẹgbẹ́ púpọ̀ láàyè. Ìwà ènìyàn àti òfin tí ó ká a lọ́wọ́ kò ni a ń wò níhìn-ín, kì í ṣe ìwé tí ó gbé kọ́ ògiri.

Ẹni tí ó mú ìlẹ̀kùn náà mì jù lọ ni John Fru Ndi, ẹni tí ń ta ìwé ní Bamenda. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 1990 ni ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀, SDF, hàn níta gbangba. Ènìyàn mẹ́fà ni a yìnbọn pa lọ́jọ́ náà. Nínú ìdìbò Ààrẹ ní oṣù Kẹwàá 1992, ìjọba kéde pé Biya ní nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, tí Fru Ndi sì ní nǹkan bí 36. Fru Ndi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan dájú: agbègbè Littoral, tí Douala wà nínú rẹ̀, ti olùtàwé náà lẹ́yìn. Ó kú ní oṣù Kẹfà 2023.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Adegoke Adelabu, tí ó kú ní 1958, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yaba ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé ọgbọ́n tàbí ọ̀rọ̀ wọ́n ọn, Ìbàdàn sì tẹ̀lé e. Obafemi Awolowo ní tirẹ̀ ṣe olùkọ́, ó ṣe oníròyìn, ó fi mọ́tò ṣòwò, nínú làálàá wọ̀nyí ni ó sì ti kàwé láti ilé, tí ó gba oyè yunifásítì London ní 1944, kí ó tó lọ di agbẹjọ́rò ní 1946. Ẹni tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ nígbà èwe ni ó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ó mọ iye tí ìmọ̀ jẹ́ nítorí pé ó ra á lọ́wọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń gbè sẹ́yìn àìmọ̀wé. Ìṣúná ìlú, gbèsè òkè òkun, àdéhùn lórí epo rọ̀bì àti igi gẹdú, kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán mọ̀. Olórí tí kò lè ka ohun tí ó ń fọwọ́ sí ti fi ìlú rẹ̀ lé ẹni tí ó lè kà á lọ́wọ́. Um Nyobé mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kàwé lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Awolowo mọ̀ ọ́n. Àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí kò kẹ́gàn ìwé. Wọ́n wá a lọ sí ibi tí wọ́n lè rí i. Ohun tí ó burú ni kí a sọ ìwé-ẹ̀rí di odi, kí ẹni tí ó wà nínú odi máa fojú tín-ínrín ẹni tí ó wà níta. Nígbà náà ni àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé-ẹ̀rí ayédèrú, tí irọ́ yóò sì jẹ́ ẹrù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wọ ilé ìgbìmọ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Ndogbong parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí Um Nyobé kò rí ni òun rí yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, kí ó yà sí ọ̀dọ̀ àgbà oníṣòwò etí ọ̀nà, kí ó bi í léèrè ohun tí ó ń jẹ ẹ́ níyà, kí ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin. Ìwé-ẹ̀rí a máa fi hàn pé ènìyàn ti kọ́ ohun kan. Àwọn tí ó rán an níṣẹ́ nìkan ni ó lè jẹ́rìí pé ó jẹ́ iṣẹ́ náà.