Ọjà Tí Ìjọba Ò Pàtẹ Sí

Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2009, nígbà tí àwọn aráàlú ń múra ọdún Kérésì, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà pé jọ láti dìbò. Àwọn 60 ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn 39 ní rárá. Bí òfin ìlera tí Ààrẹ Barack Obama ń jà fún ṣe gba Sẹ́nétì kọjá nìyẹn. Inú àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ dùn, àmọ́ ìdùnnú ọ̀hún lábùlà. Kó tó di ọjọ́ ìbò yẹn, wọ́n ti yọ nǹkan kan kúrò nínú òfin náà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kà sí ọkàn rẹ̀.

Public option ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní adójútòfò ìjọba. Bó ṣe rí rèé: ilé iṣẹ́ aládàáni ló pọ̀ jù lọ́jà adójútòfò ìlera Amẹ́ríkà. Wọ́n á máa gba owó lọ́wọ́ èèyàn lóṣooṣù, tí àìsàn bá dé, wọ́n á bá a san lára owó ilé ìwòsàn. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí ìjọba náà gba ìsọ̀ kan lọ́jà yẹn, kó pàtẹ irú ọjà kan náà. Kò ní lé aládàáni kankan lọ. Ẹni tó bá wù láti ra tìjọba á rà á, ẹni tí kò wù á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n torí pé ìjọba ò wá èrè, tó sì lágbára láti bá ilé ìwòsàn dúnàádúrà, owó tirẹ̀ á wálẹ̀, àwọn tó kù náà á sì ní láti dín tiwọn kù. Jacob Hacker, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò òṣèlú, wà lára àwọn tó ti gbé àbá yìí kalẹ̀ kí Obama tó dé.

Ṣé àtúnṣe lè ṣiṣẹ́ láìsí ìsọ̀ ìjọba yìí? Ìbéèrè tó gba ìgboro kan lọ́dún náà nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, a lè wo ohun tójú rí. Àmọ́ ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká rìn sẹ́yìn díẹ̀, torí ọjà yẹn fúnra rẹ̀ ò ṣàdédé hù.

Ní 1929, ní ìlú Dallas, ilé ìwòsàn Yunifásítì Baylor bá àwọn olùkọ́ ṣe àdéhùn. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á máa san 50 sẹ́ǹtì lóṣù, tó bá ṣàìsàn, ilé ìwòsàn á tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ 21 láì gba owó mìíràn. Ẹni tó bá mọ àjọ á rí i pé ọmọ ìyá àjọ nìyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí pé ó kàn mí, ó kàn ọ́: ẹni tí àìsàn bá dé bá ló ń kó o. Lára ètò yìí ni Blue Cross ti hù jáde.

Ogun Àgbáyé Kejì ló wá so ìlera mọ́ iṣẹ́ oṣù. Ní 1942, ìjọba fòfin de àfikún owó oṣù kí nǹkan má baà gbówó lórí. Àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì bá dọ́gbọ́n sí i: bí a ò bá lè fi kún owó yín, a ó máa bá yín san adójútòfò. Ní 1954, òfin owó orí fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọn ò ní gba owó orí lórí irú owó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ìgbà ogun ni odindi orílẹ̀-èdè wá jókòó lé títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní Amẹ́ríkà, dókítà rẹ̀ náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí lóhùn-ún, ẹ bi wọ́n wò.

Harry Truman gbìyànjú ní 1945. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ dá adójútòfò ìlera sílẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, American Medical Association, figbe ta pé ìjọba fẹ́ sọ dókítà di ẹrú rẹ̀. Àbá náà kú. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1965, Lyndon Johnson gbéra lọ sí ìlú Truman, Independence ní Missouri, láti lọ fọwọ́ sí òfin Medicare fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 àti Medicaid fún àwọn aláìní. Truman ti di ẹni ọdún 81. Òun ni wọ́n fún ní káàdì Medicare àkọ́kọ́. Ìtàn yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń pariwo ní 2009 pé ìjọba ò gbọdọ̀ ṣe adójútòfò, ìjọba ti ń ṣe é láti ọdún 44 sẹ́yìn, àwọn arúgbó tó ń gbà á ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan kan tún wà tó kàn wá nílé. Ní 1973, Richard Nixon fọwọ́ sí òfin kan tó ti HMO lẹ́yìn, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ìlera sílẹ̀, tó sì ń pinnu ibi tí wọ́n á ti tọ́jú èèyàn. Orúkọ yẹn rìn jìnnà. Nígbà tí ètò NHIS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2005, HMO ni wọ́n fi sáàárín ìjọba àti ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ti jókòó sí ilé ìwòsàn n'Íbàdàn rí, tó ń dúró kí HMO fi kóòdù ránṣẹ́ kó tó rí dókítà àgbà, ti tọ́ ìtàn Amẹ́ríkà wò láìmọ̀.

Bill Clinton náà dán tirẹ̀ wò ní 1993, ó forí ṣánpọ́n lọ́dún kejì. Ó wá kan Obama. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2009, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin gba òfin kan wọlé pẹ̀lú ìbò 220 sí 215, adójútòfò ìjọba sì wà nínú ẹ̀ digbí. Wàhálà di ti Sẹ́nétì. Níbẹ̀, ìbò 60 ló lè pa àwọn tó bá fẹ́ fi àròyé dí òfin lọ́nà lẹ́nu mọ́. Democrat ní 58, àwọn méjì tí kò sí lẹ́gbẹ́ kankan dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di 60. Ó pé géérégé, kò sí éèní. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 60 ló di ọba.

Joe Lieberman ti ìpínlẹ̀ Connecticut wà lára àwọn méjì yẹn. Òun ni Democrat fi díje fún ipò igbákejì Ààrẹ ní 2000 kó tó kúrò lẹ́gbẹ́. Ó ní bí adójútòfò ìjọba bá wà nínú òfin náà, kí wọ́n má retí ìbò òun. Wọ́n ní ó dáa, ẹ jẹ́ káwọn tó ti pé ẹni ọdún 55 lè ra Medicare nígbà náà. Ó tún kọ̀. Ó ní gbèsè ìjọba lòun ń rò. Hartford, olú ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀, sì jẹ́ ibùdó òwò adójútòfò láti ayébáyé. Ẹ fúnra yín lè so ó pọ̀ bí ẹ bá fẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn ṣá, kì í ṣe òun nìkan. Ben Nelson ti Nebraska náà ò fẹ́ ẹ.

Obama fọwọ́ sí òfin tó kù ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2010. Ó fòfin de kíkọ ẹni tó ti ní àìsàn lára tẹ́lẹ̀. Ó sọ adójútòfò di dandan, ó fi owó ìrànwọ́ ti àwọn tówó wọn ò ká a. Ó ní nínú 100 dọ́là tí aládàáni bá gbà, ó kéré tán 80 gbọ́dọ̀ lọ sórí ìtọ́jú. Dípò ìsọ̀ ìjọba, wọ́n yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lówó kí wọ́n wá pàtẹ. Ẹgbẹ́ 23 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí 2015 fi máa parí, ó ju ìdajì wọn lọ tó ti kógbá wọlé.

Ṣé ó wá ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́ ju bí àwọn ọ̀tá ẹ̀ ti wí lọ. Ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 èèyàn ni kò ní adójútòfò. Ní 2016, wọ́n ti dín kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 28. Àmọ́ ẹ bi wá léèrè ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti rí i: Medicaid ni, èyí tí òfin náà fẹ̀ lójú. Adójútòfò ìjọba náà kọ́ nìyẹn? Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá sọ ní 2012 pé ìpínlẹ̀ tí kò bá fẹ́ ìfẹ̀lójú yìí lè kọ̀ ọ́, Texas àti Florida wà lára àwọn tó kọ̀, àwọn aláìní ibẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe wà.

Níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún aládàáni nìkan, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pinal, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Arizona. Ní 2016, àwọn ilé iṣẹ́ ń pàdánù owó lọ́jà tuntun náà, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Aetna náà kéde pé òun ń lọ, kò ku ẹnì kan ṣoṣo tó máa ta adójútòfò lọ́jà yẹn fún ọdún 2017. Àwọn tó ń rà á níbẹ̀ tó nǹkan bíi 10,000. Òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ ní in, ìjọba ní owó ìrànwọ́ wọn ti wà nílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó pàtẹ. Lóṣù Kẹsàn-án ni Blue Cross Blue Shield ti Arizona tó gbà láti padà wá. Bí wọn ò bá gbà ńkọ́? Nínú òfin náà, kò sí ẹni tí èèyàn lè sá tọ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ ìsọ̀ ìjọba máa ń tọ́ka sí Switzerland àti Netherlands, níbi tó jẹ́ pé aládàáni ló ń ta adójútòfò, tí nǹkan sì ń lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní Switzerland, láti 1996, ilé iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ jèrè lórí adójútòfò tó jẹ́ dandan, ìjọba sì ń fọwọ́ sí iye tí ilé ìwòsàn ń gbà. Ojú tiwa ni pé bí ìjọba bá ti di iye owó mú, kò pọn dandan kó gba ìsọ̀ lọ́jà. Amẹ́ríkà ò gba ìsọ̀, kò sì di iye owó mú.

Ìpínlẹ̀ Washington fẹ́ gbìyànjú méjèèjì pọ̀. Òfin wọn jáde ní 2019, adójútòfò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, wọ́n sì pè é ní public option. Aládàáni ló ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ tà á, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbèdéke sí owó tí wọ́n á máa san fún ilé ìwòsàn. Ni àwọn ilé ìwòsàn kan bá ní àwọn ò ṣe. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ta adójútòfò níbi tí ilé ìwòsàn ò ti gbà á, nítorí náà ọjà náà ò dé gbogbo ìpínlẹ̀. Lọ́dún náà gan-an, àwọn aṣòfin padà lọ ṣe òfin mìíràn tó mú un ní dandan fún ilé ìwòsàn láti gbà á níbi tó bá ti yẹ.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, Joe Biden ṣèlérí adójútòfò ìjọba nígbà tó ń polongo ìbò ní 2020. Nígbà tó wọlé, owó ìrànwọ́ ló fi kún ní 2021, wọ́n sì sún un dé ìparí 2025. Owó náà pọ̀, ó sì ran èèyàn lọ́wọ́. Àpò àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ń lọ tààrà. Iye tí wọ́n ń pè lọ́jà wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Àbá ìsọ̀ ìjọba kò tún dé iwájú Sẹ́nétì fún ìbò ní gbogbo ọdún mẹ́rin tó lò.